Ẹ Má Ṣe Fọwọ́ Sí Gẹ̀ẹ́sì tí Kò Yé Yín

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ òkúta, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀mìlì àti ilé búrẹ́dì, ẹ̀yin dírẹ́bà tí ẹ ń gun òkè Ọ̀kà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè dákẹ́ sí mọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ni wọ́n ń lò. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ni: "off", "up", "in lieu of", "with effect from".

Òṣìṣẹ́ wo ni kò mọ "pay"? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, nítorí òun là ń retí lópin oṣù. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá dé pé "you are to be paid off", ẹni tí ó rí "pay" yóò máa rẹ́rìn-ín pé owó ń bọ̀. Owó ń bọ̀ lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ti lọ. Ẹni tí ó sì mọ "lay" mọ̀ pé adìyẹ ń yé ẹyin ni. Kò sí ẹyin kankan nínú "laid off". Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo wọn ni "in full and final settlement". Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun gbogbo tí ilé iṣẹ́ jẹ òun ti pé, òun kò sì tún ní í béèrè nǹkan kan mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ ẹgbẹ́ máa ń mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá wa nígbà tí ọwọ́ ti kan bébà. Kí ni kí a wá ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin wí. Abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni kí wọ́n fi kìlọ̀ fún un kí ó tó lọ. Ẹni tí ó ti lo ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tí ó ti ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan. Owó tí wọ́n ń pè ní "in lieu of notice" ni owó tí a gbà dípò àkókò yẹn. Kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹ má sì dọ̀bálẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dín kù tí wọ́n fẹ́ dá àwọn ènìyàn dúró, abala 20 ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́, kí wọ́n sì tẹ̀ lé "last in, first out", èyí ni pé ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí òfin náà tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti wo ìmọ̀ṣẹ́ àti ìṣeégbáralé ẹni.

Ẹ̀yin dírẹ́bà tí ẹ gba ọkọ̀ háyà pọ́ṣéèsì, tiyín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. "Fall behind" kì í ṣe kí ènìyàn ṣubú sẹ́yìn ọkọ̀. Bí owó kò bá wọlé lásìkò ni. "Take back" ni kí olówó wá gba ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Háyà Pọ́ṣéèsì ọdún 1965 sọ pé bí ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, olówó kò lè gbà á padà ní tirẹ̀ láìgba ilé ẹjọ́ kọjá. Mélòó nínú yín ni ẹnikẹ́ni kà á fún?

Ohun tí ó ń dùn wá jù nìyí. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, abala 35, sọ pé ẹni tí ọlọ́pàá bá mú, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24 ní èdè tí ó gbọ́. Abala 36 tún ní kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n ní ó jí ewúrẹ́ nìyẹn o! Òṣìṣẹ́ tí ó fi ọdún 10 fọ́ òkúta, tí kò jí abẹ́rẹ́, èdè ọ̀gá ni wọ́n fi ń lé e lọ sílé.

Àwọn kan nínú ọ́fíìsì a máa sọ pé orí òṣìṣẹ́ le, kò lè kọ́ ọ. Irọ́ ni. Ní Àkókó tiwa yìí, ọmọ Àrìgìdì ní èdè tirẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá. Ó gbọ́ ọ nílé, ó gbọ́ Yorùbá lọ́jà Ìkàrẹ́, ó tún ń gbìyànjú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá tí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èdè mélòó ni òun gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun àjèjì sí wa pé ọ̀rọ̀ kékeré ń yí ọ̀rọ̀ ńlá padà. Ẹ gbọ́ "dá": wọ́n dá a dúró, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n dá a lẹ́jọ́. Ta ni yóò gbọ́ "wọ́n dá a dúró" tí yóò pè é ní "wọ́n dá a sílẹ̀"? Bí "lay off" àti "lay out" ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ "lay" lọ́tọ̀ tí ó ń kọ́ "off" lọ́tọ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Odindi ni kí a kọ́ ọ.

Àwọn mìíràn, àwọn ọ̀mọ̀wé inú ẹgbẹ́ wa náà wà níbẹ̀, ń sọ pé bí a bá fi Yorùbá ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì kò ní wọlé. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún 6 gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọmọdé ṣe, àgbàlagbà tí ó mọ ohun tí ó ń wá yóò ṣe é.

Nítorí náà, a ń béèrè pé kí gbogbo ìwé tí ó bá kan iṣẹ́ àti owó òṣìṣẹ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá lójú kan náà. Ẹ̀ka wa náà gbọ́dọ̀ dá ẹ̀kọ́ alẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ti gírámà àti àkọsórí. Ìwé ìdádúró, ìwé àdéhùn ọkọ̀ àti ìwé owó oṣù ni kí a tẹ́ sórí tábìlì kí a máa kà. Kí wọ́n tó gbà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé ìwé fún kí ó má ṣe sáré fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní ó pọn dandan kí ó kọ nǹkan, kí ó kọ ọjọ́ oṣù, kí ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní Yorùbá gbangba pé: "Mo gba ìwé yìí, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà sí i." Kí ọ̀gá lọ wá ògbufọ̀ tirẹ̀.