Ọmọ Tó Rúfin, Ilé Rẹ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Wọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Lọ́kọ́ja, láti Adankolo títí dé Felele, ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìnáwó tàbí ti aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ọlọ́pàá ń mú ni, pàápàá àwọn tí tiwọn ti kọjá kí á jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹnu ara wa jẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan wà láàrin wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọ́ ṣọ́ọ̀bù fóònù. Àwa àgbà lọ bẹ̀bẹ̀, a dá ẹrù olówó padà, a sì ní kí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtìjú ló jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò ni wá, a kò fẹ́ kí wọ́n máa wí pé ọmọ Yorùbá ló ń jalè. Oṣù márùn-ún kò pé tí ọmọ fi padà fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa tún mú un, ọ̀bẹ ló fi gba àpò lọ́wọ́ obìnrin kan.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ nílùú Ọba ló sọ fún wa nípa ètò kan tí wọ́n ń pè ní Multisystemic Therapy, tí Scott Henggeler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ kì í pe ọmọ wá sí ọ́fíìsì, òun ló ń lọ bá wọn nílé. Ìdílé mẹ́rin sí mẹ́fà péré ló ń wà lọ́wọ́ ẹnìkan, wọ́n sì lè pè é lọ́sàn-án lóru, fún bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Bàbá àti ìyá ló ń kọ́ jù: bí wọn yóò ṣe mọ ibi tí ọmọ wà àti ẹni tó ń bá rìn, bí wọn yóò ṣe fi ohùn kan bá a wí. Ní South Carolina, ìwádìí tó jáde ní 1992 lórí ọmọ 84 tí wọ́n ti dá ọ̀ràn ńlá fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 59, wọ́n tún mú 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí, àmọ́ 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yòókù.

A kò ní tàn yín o. Wọ́n dán an wò ní England láàrin ìdílé 684, èsì tó jáde ní 2018 sì ni pé kò sàn ju ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ ti ní òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló ń mójú tó tiwa?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Kogi ṣe tirẹ̀ ní 2009, gba ilé ẹjọ́ láàyè láti fi ọmọ lé mọ̀lẹ́bí tàbí ẹni yíyẹ lọ́wọ́, kí alábòójútó máa wò ó. Àtìmọ́lé ló fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ilé ìtúnwàṣe mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin Borstal, Kaduna, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta ló kọ́ wọn sí. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀ẹ̀melòó ló lè lọ wo ọmọ níbẹ̀ lọ́dún?

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni àwa mẹ́ta tó wọ ilé ọmọ náà. Ojú tì wá. Bàbá ń wa ọkọ̀ lọ sí Sókótó, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń sùn nílé. Ìyá ń jáde láago márùn-ún ìdájí. Ọmọ kò dé ilé ìwé fún odidi sáà kan, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Gbogbo ẹjọ́ tí a dá ní gbọ̀ngàn ìpàdé, a kò béèrè ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí.

Ilé ẹjọ́ fi í lé àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá ti bọ́ sí ọ̀nà Àbújá. Owó rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n ó ń sùn nílé. Ọmọ ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ẹnìkan nínú wa sì ń yà síbẹ̀ déédéé. Oṣù méje rèé. Ó ti sá níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a wá a rí.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti àwọn yòókù, yan tọkọtaya méjì tí yóò máa wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, kí owó tí a fi ń gba ọmọ sílẹ̀ di owó ọkọ̀ wọn. Ẹ mú orúkọ wọn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọ̀ràn lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ kí ìpàdé gbọ́, kó wá bá wa nílé lálẹ́.