Bàálù ń gbé ajá lókè òkun. Ta ni yóò gbé ọmọ ìjímèrè ní Igbaye?

Bí ènìyàn bá sọ fún àwọn àgbà tó ń ta ayò ní Igbaye pé àwọn òyìnbó kan ń fi bàálù ara wọn gbé ajá kiri láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. Mo ti dán an wò. Bàbá kan bi mí bóyá ajá náà máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 2008 ni ẹgbẹ́ Pilots N Paws bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Arábìnrin Debi Boies, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ń wá ọ̀nà tí ajá kan yóò fi ti Florida dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ bàálù kan, Jon Wehrenberg, ní òun yóò lọ gbé e wá. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ajá ni wọ́n ń pa nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbà wọ́n, àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Owó ara wọn ni àwọn awakọ̀ yìí fi ń ra epo.

Bàbá onímọ̀ràn ayò kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹni tó ń rọbí kò rí ọkọ̀ dé ọsibítù lóru, ajá ń wọ bàálù! N kò lè bá a jiyàn púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé aboyún sórí ọ̀kadà láti oko dé Òkukù mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó máa fi bàálù gbé ajá ni irú àwọn awakọ̀ yìí ti ń gbé aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ orúkọ Angel Flight. Àánú ẹranko kò ní kí wọ́n má ṣàánú ènìyàn.

Ní Áfíríkà níbí náà, lọ́dún 2018, Anthony Caere, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń wa bàálù fún ọgbà Virunga ní Kóńgò, gbé ọmọ ọ̀bọ ńlá kan tó ń jẹ́ Mussa lọ sí ilé ìtọ́jú ẹranko ní Lwiro. Ọwọ́ àwọn tó ń pa ẹran láìgbàṣẹ ni wọ́n ti gbà á. Orí itan awakọ̀ ni ó jókòó sí, àwòrán rẹ̀ sì ká gbogbo ayé.

Èyí tó kàn wá gan-an kò dùn-ún gbọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, wọ́n fi bàálù kó ọmọ ìnàkí mẹ́rin láti Nàìjíríà lọ sí ọgbà ẹranko Taiping ní Màléṣíà. Ìwé tí wọ́n fi kó wọn sọ pé ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí. Bẹ́ẹ̀, abo ìnàkí kan ṣoṣo tó ti darúgbó ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà. Ṣé òun nìkan ló dá bímọ mẹ́rin ni? Láti 1974 ni Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn àgbáyé tó de irú òwò yìí, a sì ṣòfin tiwa ní 1985. Wọ́n kó wọn lọ sí Pretoria ní South Africa lọ́dún 2004. Ìparí ọdún 2007 ni wọ́n tó dé ilé ìtọ́jú ẹranko tó wà ní Limbe, ní Kamẹrúùnù. Bàálù yá fún olè. Ó lọ́ra fún olóòótọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọdẹ kan ní àdúgbò wa yìnbọn pa ìjímèrè kan lọ́nà oko. Ọmọ rẹ̀ ṣì rọ̀ mọ́ ọn láyà. Wọ́n ta ìyá fún olóúnjẹ, wọ́n so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwa ọmọdé ń fún un ní ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ó fi kú. A kì í ṣe ìkà. A kò mọ ẹni tí à bá ké sí ni.

Lónìí, wọ́n wà. Ní Èkó, Dókítà Mark Ofua, oníṣègùn ẹranko, ń gba ẹran ìgbẹ́ tó ṣì wà láàyè sílẹ̀ ní ọjà, ó ń tọ́jú wọn. A kò nílò bàálù láti débẹ̀. (Ìtàn pápákọ̀ òfuurufú Ìdó-Ọ̀ṣun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2012, ẹ jẹ́ kí n má tún un sọ.) Ọkọ̀ Èkó àti ti Ìbàdàn ń gbéra ní gáréèjì Ìkìrun. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn àti Ìfẹ́lódùn fún kò ju kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù dókítà ẹranko sára ògiri gáréèjì, kí wọ́n sì fi tó ẹgbẹ́ ọdẹ létí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ra ọmọ ẹran lọ́wọ́ ọdẹ o, bí àánú rẹ̀ ti wù kó ṣe é. Ọdẹ tó bá gbowó lórí ọmọ lónìí yóò wá ìyá mìíràn yìn níbọn lọ́la. Owó ọkọ̀ nìkan ni kí a dá. Kí a má sì fi ọwọ́ lásán gbé e, nítorí eyín ọ̀bọ kì í ṣe ohun àmúṣeré.

Mo ti bi awakọ̀ kan ní Ìkìrun bóyá yóò gbà. Ó ní bí a bá ti fi sínú àgò tó le, tí kò ní gé èrò jẹ, òun yóò gbé e. Ìdajì owó ọkọ̀ ni òun yóò gbà lórí rẹ̀, nítorí pé kò ní bá èrò du ìjókòó.