Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló yẹ kó yan máòsì

Àwọn tó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kì í ṣahun lórí kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀, àmọ́ máòsì tí owó rẹ̀ kéré jù ni wọ́n ń rà. Àṣìṣe gbáà ni. Tí ọrùn ọwọ́ bá ń dun ẹni tó ń tẹ̀wé, iṣẹ́ oníbàárà ló máa falẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ náà dì í mú wò kí ọ̀gá tó sanwó. Oníwáyà ló dáa jù: kò lo bátìrì. Tí tábìlì bá jẹ́ onígíláàsì, kí wọ́n tẹ́ bébà sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan tún ń bínú sí ọlọ́wọ́ òsì pé kò yára, bẹ́ẹ̀ inú Control Panel Windows ni wọ́n ti lè pààrọ̀ bọ́tìnì méjèèjì fún un láìná kọ́bọ̀.