Okùn iná tó tín-ín-rín jù lọ àti òkùnkùn Ìkọ̀lé

Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nílùú Ọyẹ́-Èkìtì tú síta. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju iná mọ̀nàmọ́ná lọ; wọ́n ní òkùnkùn ti pọ̀ jù ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ìwọ́de náà di ìjàngbọ̀n, ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló sì bá a lọ.

Ìkọ̀lé yìí kan náà ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì ọ̀hún wà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ Èkìtì ti máa kópa nínú ìmọ̀ kan tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń lé kiri: bí iná ṣe ń gba inú okùn tí kò nípọn ju ẹyọ átọ́ọ̀mù mélòó kan lọ. Orí sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń to irú okùn bẹ́ẹ̀, ohun tí kì í gbé iná tó irin, tí kì í sì í dènà rẹ̀ tó igi gbígbẹ. Òun náà ló wà nínú fóònù tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìdó.

Bàbà tí wọ́n bá mú tutù a máa gbé iná dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní 1999 fi hàn pé bí ìlà átọ́ọ̀mù indium tó wà lórí sílíkọ́ọ̀nù bá tutù kọjá ààlà kan, átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ a yí ìjókòó padà, iná kò sì ní rí ọ̀nà gbà bíi tàtẹ̀yìnwá. Ní 2012 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣe okùn tó fẹ̀ ní átọ́ọ̀mù mẹ́rin, tó ga ní ẹyọ kan, ó sì gbé iná bíi bàbà.

Abẹ́rẹ́ tó mú jọjọ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, lára ẹ̀rọ tí Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ṣe ní Switzerland ní 1981. Inú àgbá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò pátápátá ni sílíkọ́ọ̀nù náà ń gbé, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ kú tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ tí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ wọmi nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbọn ilẹ̀ jìgìjìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò lè gbani, nítorí abẹ́rẹ́ náà yóò máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, Àbújá ni wọ́n máa ń nàka sí. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná ọdún 2023 ti yí ìyẹn padà. Ní 2024, àjọ NERC gbé àbójútó ọjà iná Èkìtì lé ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́. Lóòótọ́, àṣẹ kọ́ ni iná, ìwé òfin kò sì lè fa wáyà. Síbẹ̀, ẹni tó di àṣẹ mú ló ń pinnu ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì l'Ọyẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìkọ̀lé àti ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó ló yẹ kó kọ́kọ́ rí iná tí kì í ṣẹ́jú, kí wọ́n tó dárúkọ ilé ìjọba kankan l'Ádó.