Ollantaytambo kì í ṣe ahoro

Ọ̀rọ̀ kan ń bí wa nínú, a ò sì ní gbé e mì.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Yúróòpù ti ń rìn dé Peru báyìí. Wọ́n á balẹ̀ sí Cusco, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Ollantaytambo, ìlú Inca tó wà láàárín òkè, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Machu Picchu ti ń gbéra. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn òkúta, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sáré wọ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n á kọ sábẹ́ fọ́tò ni: "Ahoro àwọn Inca."

Ahoro kẹ̀? Ibi tí èèyàn ti ṣí kúrò là ń pè ní ahoro. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò nínú ìlú náà. Inú agbo ilé tí àwọn Inca fi òkúta kọ́ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn èèyàn ṣì ń sùn: ẹnu ọ̀nà kan, àgbàlá láàárín, yàrá yí i ká. Bàbá àgbà wo ní Kétu ni kò ní mọ ohun tí ó ń wò? Omi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tóóró nínú ojú omi tí wọ́n là láyé ọjọ́un, òun la máa ń gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé tí ẹ bá rí ọ̀rá pupa lórí ọ̀pá gígùn níwájú rẹ̀, wọ́n ń ta chicha níbẹ̀, ìyẹn ọtí àgbàdo. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdọ̀tí la rò pé afẹ́fẹ́ gbé kọ́ ọ̀pá. Ẹni tó fi wákàtí kan wo ìlú, bó ṣe máa lọ sílé nìyẹn.

Òkúta ńlá mẹ́fà tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò lókè, láti Kachiqata ní òdìkejì odò ni wọ́n ti gbé wọn wá. Àwọn mìíràn ò dé, wọ́n ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Òkúta tó ti rẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Ní 1537, ìlú yìí kan náà ni Manco Inca ti lé Hernando Pizarro àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ padà. Ó darí omi sínú pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹṣin ò lè sáré mọ́.

Ọ̀rọ̀ "ahoro" yìí ní ìyá. Wọ́n ní Hiram Bingham ló ṣàwárí Machu Picchu ní 1911. Àgbẹ̀ kan, Melchor Arteaga, ló mú un gun òkè, ó sì bá àwọn ìdílé tó ń dáko níbẹ̀. Ta ló ń ṣàwárí ilé tí èèyàn ti ń jẹun?

Ẹ máa sọ pé kò sí àkókò. Cusco ga ju mítà 3,300 lọ, orí á fọ́ yín, ẹ ó dùbúlẹ̀ lọ́nà kan ṣá. Ollantaytambo kò tó 2,800, ara tètè ń mọ́ ọn. Àká àtijọ́ tó wà lórí òkè Pinkuylluna, wọn kì í gba owó wíwò rẹ̀. Òótọ́ ni pé àlejò tó pẹ́ náà ní ewu tirẹ̀, agbo ilé lè di òtẹ́ẹ̀lì. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta àgbàdo ni owó ẹni tó sùn níbẹ̀ máa ń dé.

Wọ́n ń sọ Quechua láàárín ara wọn, èdè tí ìjọba Peru fọwọ́ sí ní 1975. "Sulpayki" ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá oníchicha, ó rẹ́rìn-ín, ó bu igbá kejì fún wa.

Àwa náà mọ bó ṣe ń dunni. Àlejò á dúró níwájú Àkàbà Ìdènà, á ya fọ́tò, á lọ, kò ní béèrè bí ará Kétu ṣe ń jẹun lónìí.

Ẹni tó bá ń lọ, kó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹni tó ti lọ tó ti dé, kó pa "ahoro" rẹ́ lábẹ́ fọ́tò rẹ̀.