Àsè Alẹ́ Nìkan Kò Tó fún Olókòwò Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Láti ọdún 2011 tí ibùdó CcHUB ti ṣílẹ̀kùn ní Yaba ni ó ti hàn pé okòwò ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í dá dàgbà; àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lára iṣẹ́ ètò Lagos Innovates, lábẹ́ àjọ LSETF tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, ni ríran àwọn olùṣètò ìpàdé olókòwò lọ́wọ́.

Níbi àsè alẹ́, ọ̀dọ́ lè pàdé olówó. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ti kọ́ ìṣirò tí olówó náà yóò bèèrè. Nítorí náà, bí àsè bá wáyé ní Magodo, ẹ jẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ ṣáájú rẹ̀, kí ọmọ Kétu tó gbọ́n ṣùgbọ́n tí kò lẹ́ni má bàa wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.