Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn Kọ́ Ní Ń Pa Ọmọ

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nínú ọjà Òkè-Àjẹ, tí a ń sọ níbi ìkómọ, tí a sì ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn pàápàá. A ní bí dókítà bá ti lè fa omi lẹ́yìn ọmọ, ọmọ náà ti lọ nìyẹn. Irọ́ ni! Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti gba irọ́ náà gbọ́ rí, ọmọ àbúrò mi ló sì san gbèsè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba ọdún 2018 ni. Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kún fọ́fọ́ fún àwọn tó ti Èkó wálé ọdún. Ọmọkùnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń bì, ó ń ké pé orí ń fọ́ òun. Nígbà tó di òru, gìrì mú un. Kíá, a ti fi ṣíbí la eyín rẹ̀, a ti rọ ọ́ ní àgbo ìtọ̀ màlúù, ẹnì kan sì ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná kí ó lè jí. Ilẹ̀ mọ́ kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ní kí orí ọmọ tẹ̀ síwájú. Ọrùn le gbagidi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, a ní láti fa omi díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ká lè mọ ohun tó ń ṣe é." Ìyá wa figbe ta. Àbúrò mi wo ojú mi: "Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni ká ṣe?" Èmi tíṣà, èmi tí mo kàwé, ni mo dáhùn pé, "Rárá o. Ibà lásán ni." A gbé ọmọ lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, a tún gbé e padà, a sì gbà kí wọ́n fà á. Omi tó jáde dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Yírùnyírùn ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní lọ́rùnlọ́rùn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́, ó sì yè. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ti di.

Ẹ gbọ́ ná. Ibà tó wọ ọpọlọ àti yírùnyírùn jọ ara wọn bí ìbejì. Méjèèjì ní ara gbígbóná, èébì, gìrì àti oorun àìjí. Ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ ibà, omi ẹ̀yìn ni a fi ń mọ yírùnyírùn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀, ìkejì lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ọ̀kan kò sì ran èkejì.

Ẹ ní abẹ́rẹ́ yóò gún okùn ọpọlọ? Okùn náà kò dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ ibi tó ti tán ni wọ́n ti ń fa omi. Ẹ ní omi náà yóò tán? Ṣíbí ìmùkọ kan kò kún, ara yóò sì ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Ara àgbàlagbà ń ṣe tó ìdajì lítà lóòjọ́. Láti ọdún 1891 tí Heinrich Quincke ará Jámánì ti fi ọ̀nà yìí han ayé ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà mìíràn dókítà fúnra rẹ̀ yóò ní kí a dúró ná, bí ó bá rí i pé ọpọlọ wú jù. Yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tèmi tàbí tìyá àgbà.

Kí ló dé tí ọmọ fi ń kú lẹ́yìn rẹ̀? Nítorí pé ó ti ń kú lọ kí a tó gbé e dé ni. Ẹni tó bá wa nígbà tí ilé ti jó dé àjà, tó gbé omi lọ́wọ́, òun ni a wá ń pè ní ẹni tó tiná bọlé!

Àgbo ìtọ̀ màlúù ńkọ́? Ewé tábà wà nínú rẹ̀. Láti bí àádọ́ta ọdún ni àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń kọ̀wé pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń sọ mímí di aláìlágbára, ó sì ń fa gìrì. Gìrì tí à ń lé ni à ń pè! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹsẹ̀ tí a sì ń yan níná ńkọ́? A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

N kò bú ewé o. Inú ewé ni wọ́n ti rí oògùn tó bí artesunate, abẹ́rẹ́ ibà líle. Tu Youyou ará Ṣáínà gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n wọ́n dán an wò, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ta ló wọn ìtọ̀ màlúù?

Ẹ̀yin dókítà náà, ẹ má kàn na ìwé sí wa pé ká fọwọ́ sí i. Ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé.

Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ dà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ti ọmọ ọwọ́, ọrùn lè má le. Ẹ wo àwùjẹ̀ bí ó bá wú, tàbí bí ọmọ bá kọ ọmú. Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ṣeré; ó ń dènà púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń fa àrùn yìí.

Ní Ojúde Ọba ọdún 2024, àwọn ẹlẹ́ṣin yìnbọn, gbogbo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fọwọ́ di etí. Tiwa nìkan ni kò dì í. Ẹ̀rín ló ń rín. Èmi ni mo kọ̀ fún dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin, ẹ má kọ̀.